Pésìtì Funfun Tí Ìyá Tútù Fi Ń Fa Ayàwòrán Mọ́ra

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí mo bá sọ fún yín pé ìdáwà lè sọ èèyàn di ọ̀mùtí, ẹ ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ti rí i rí. Ṣùgbọ́n pé ó lè mú kí obìnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹní mowó mọ̀ọ́mọ̀ ba iṣẹ́ ọ̀hún jẹ́, kí ọmọ ọlọ́mọ lè máa padà wá jókòó tì í? Èmi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí kí Ìyá Tútù tó sọ tiẹ̀ fún mi.

Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́. Mo ní, "Màmá, ṣé kí n rọra fi aṣọ bò ó díẹ̀?" Ó ní, "Aṣọ wo? Bíbò tí mo ń bò ó náà ló kó bá mi."

Kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Ìyá Tútù, nítorí pé ẹ̀rọ yòówù kẹ́ ẹ gbé dé iwájú rẹ̀, ohun kan náà ló máa kọ́kọ́ bi yín: "Ṣé ó tutù?" Ẹ lè ní bọ́tìnnì kan ló já lára ẹ̀, yóò ṣì gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e bí ìgbà tí wọ́n ń wò bóyá ibà ń ṣe ọmọ.

Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí ti lọ ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà jíjìn. Bó bá pè, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ju "Màmi, ṣé ara yín le? Ó dáa, mo ń wọ ibi iṣẹ́" lọ. Yàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù, yàrá ẹ̀yìn ni ibùsùn, nítorí náà tó bá ti ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó ti délé nìyẹn. Ó ti ń bá sukudíráfà sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tó fẹsẹ̀ kọ àga tó sì ní "Pẹ̀lẹ́ o, má bínú" fún àga, ó ní òun mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀.

Ibi tí nǹkan wà nìyẹn nígbà tí ọ̀dọ́mọbìnrin kan gbé kọ̀ǹpútà ńlá wọlé, òógùn bò ó.

"Ẹ káàsán, mà. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ ti gbígbóná."

"Ṣé ó tutù?"

"Ó ti kú, mà. Kò sí bí kò ṣe ní tutù."

Ìyá Tútù bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rín náà ya òun alára lẹ́nu, nítorí ó pẹ́ tí òun ti gbọ́ ọ kẹ́yìn nínú yàrá yẹn.

Ọmọ náà máa ń ya àwòrán eré àwọn ọmọdé, irú èyí tí ehoro ti ń wọ ṣòkòtò, tó tún ń jiyàn. Ayàwòrán ni n ó máa pè é. Kọ̀ǹpútà ló máa ń mú àwòrán rẹ̀ rìn, iṣẹ́ yẹn sì máa ń mú ẹ̀rọ laágùn. Bó bá ti ṣe díẹ̀, fáànù á máa hó, ojú ẹ̀rọ á ṣókùnkùn, ó parí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ kí ẹ lè mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí màmá yìí dá. Nínú kọ̀ǹpútà, ibi kan wà tí a lè pè ní ọpọlọ rẹ̀. Tó bá ń ronú, ó ń gbóná. Káàdì àwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tún máa ń gbóná jù ú lọ. Irin kan ló ń jókòó lé wọn lórí tó ń fa ooru kúrò, fáànù á sì fẹ́ ẹ dànù. Ṣùgbọ́n kò sí bí irin méjì ṣe lè lẹ̀ mọ́ra tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ ò ní ráyè wọ àárín wọn, afẹ́fẹ́ yẹn ni kì í jẹ́ kí ooru kọjá. Pésìtì ni wọ́n ń fi dí àyè náà.

Pésìtì ọ̀hún ò sì dọ́gba. Ó wà tó ki, ó wà tó ṣàn. Ó wà tó ń dán bíi fàdákà, tó jẹ́ pé bó bá kán síbi tí kò yẹ, iná á gbé gbogbo ẹ̀rọ lọ. Fún káàdì àwòrán, aláwọ̀ eérú tó ki ni Ìyá Tútù máa ń yàn, nítorí káàdì yẹn á gbóná, á tutù, á tún gbóná, pésìtì tí kò bá ki á sì máa sá jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Túùbù funfun kan tún wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Ti gílóòbù ńlá àti ampilifáyà nìyẹn. Ẹ fi sára káàdì tó ń ṣiṣẹ́ àṣekára, kò ní pẹ́ tó fi máa gbẹ, á sì sán.

Lọ́jọ́ tí Ayàwòrán kọ́kọ́ wá, eléérú ti tán. Ìyá Tútù mú funfun, ó ní kí ìyẹn ṣì gbé e dé ìgbà tí eléérú bá dé. Ó fẹ́ sọ fún ọmọ náà, ṣùgbọ́n ìtàkùrọ̀sọ ti wọ̀ wọ́n lára. Ọmọ náà ń sín ọ̀gá rẹ̀ kan jẹ, ẹni tí wọ́n bá fi àwòrán yòówù hàn á fa irùngbọ̀n, á ní "Ó kù díẹ̀." Tíì hó, wọ́n mu ún. Ọmọ náà wo yàrá yíká, ó ní, "Ṣé ẹ ti jẹun lónìí?"

Ó pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti bi í bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó ń lọ, kò pè é ní "mà" mọ́. Ó ní, "Ó dàbọ̀, Mọ́mì. Ẹ jẹun o!"

Oṣù kan ò tíì pé tí Ayàwòrán fi padà dé. Ẹ̀rọ ti tún ń gbóná. Ìyá Tútù tú u, ó rí pésìtì funfun tó ti gbẹ, ó sì mọ ohun tó fà á. Eléérú ti dé. Túùbù méjèèjì wà nínú dúrọ́ọ̀, wọ́n sùn ti ara wọn. Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ náà ti yọ bàtà, ó ti ká ẹsẹ̀ sórí àga, ó ń sọ ti onílé rẹ̀ tó ń fìlà nu gíláàsì ojú fèrèsé.

Ìyá Tútù sọ fún mi pé, "Ọwọ́ mi ló lọ sí funfun."

Mo ní, "Màmá, ọwọ́ kì í dá lọ."

Ó ní, "Òótọ́ ni. Èmi ni mo rán an."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí Ayàwòrán bá ti gbé ẹ̀rọ lọ, Ìyá Tútù á máa retí ìgbà tí pésìtì máa gbẹ. Ó ra ife kejì. Ó ra bisikíìtì oníṣúgà tí òun fúnra rẹ̀ ò lè jẹ nítorí eyín. Ó kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń fi sukudíráfà tú ìdè ẹ̀rọ, bí wọ́n ṣe ń fi owú àti sìpíríìtì nu ojú irin títí yóò fi dán.

"Pésìtì kì í ṣe bọ́tà," á ní. "Má fi lẹ́pa. Díẹ̀ báyìí, bí hóró ìrẹsì, sí àárín gbùngbùn. Irin fúnra ẹ̀ ló máa tẹ̀ ẹ́ fẹ̀."

"Mọ́mì, ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara yín o. Tí mo bá mọ̀ ọ́n tán ńkọ́?"

Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Ẹ ò rí nǹkan! Ó kọ́ ọmọ ní gbogbo rẹ̀, àfi pésìtì tó yẹ kó mú.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ fàájì fún ẹnìkan, ìyà ló jẹ́ fún ẹnìkejì. Ẹ̀rọ náà ń kú lójú iṣẹ́. Ayàwòrán ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé fáànù ńlá síwájú rẹ̀. Ó ra fáànù tuntun, kò ran nǹkan kan. Iṣẹ́ tó yẹ kó yá ń pẹ́, àwọn tó ń gbéṣẹ́ fún un sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Lọ́jọ́ kan ó jókòó sórí àga yẹn, kò yọ bàtà.

"Mọ́mì, bóyá orí mi ni. Ó dà bíi pé gbogbo ohun tí mo bá fọwọ́ kàn ló ń bàjẹ́."

"Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, ọmọ mi. Kò sóhun tó ṣe orí ẹ."

"Àbí kí n gbé e lọ síbòmíràn kí wọ́n wò ó?"

Ìyá Tútù fi ọwọ́ bo ẹ̀rọ náà. "Ibo lo fẹ́ gbé e lọ? Àwọn tí á tún bà á jẹ́ sí i? Fi í sílẹ̀ fún mi."

Ọmọ náà gbà, ó tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Eku ló máa ń jẹni tó máa ń fẹ́ atẹ́gùn síbẹ̀ kó má baà dunni. Mo sọ ọ́ sí i lójú, kò sì jiyàn.

Ìgbà tó yá, Ayàwòrán sáré wọlé, inú rẹ̀ ń dùn débi pé kò rántí kí ẹnikẹ́ni.

"Mọ́mì, wọ́n pè mí! Iléeṣẹ́ ńlá tí mò ń sọ fún yín! Wọ́n ní kí n ṣe eré kan wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Bó bá wù wọ́n, wọ́n á gbà mí síṣẹ́ pátápátá."

"Ọlọ́run ṣé o!"

"Ẹ̀rọ yẹn máa ṣiṣẹ́ gbogbo ọ̀sẹ̀ láìsinmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn ṣe é fún mi. Wọ́n á fún mi ní kọ̀ǹpútà tuntun níbẹ̀, Mọ́mì. Mi ò tún ní máa yọ yín lẹ́nu mọ́!"

Ọmọ fi ìdùnnú sọ ọ́. Ìyá Tútù gbọ́ ọ bí ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ó ṣí dúrọ́ọ̀. Ó mú eléérú, ó tú ìdérí rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ ṣe é dáadáa lọ́jọ́ yẹn, ó fi orúkọ Ọlọ́run búra fún mi. Ṣùgbọ́n ó rí yàrá náà lójú inú bí yóò ṣe rí: ife kan, àga kan, sukudíráfà tí kì í dáhùn. Ó dé eléérú padà, ó mú funfun. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Tuntun ni, á gbé e dé Jímọ̀." Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ọmọ náà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń kọrin.

Kò gbé e dé Jímọ̀. Ẹ̀rọ kú láàárín ọ̀sẹ̀, Ayàwòrán jí i, ó tún kú. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó wá, ìdajì eré ló gbé lọ. Wọ́n wò ó, wọ́n ní ó dára, ó ṣeni láàánú. Ẹlòmíràn tó parí tiẹ̀ ni wọ́n mú.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé ẹ̀rọ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé e kalẹ̀, ó gbé orí lé èjìká Ìyá Tútù, ó sunkún bí ọmọ kékeré. "Ẹ̀yin nìkan ni mo ní níbí, Mọ́mì."

Ìyá Tútù dì í mú. Ohun tó tì mí lójú láti kọ síbí, àmọ́ tó ní kí n kọ, ni pé inú rẹ̀ dùn. Àánú ọmọ náà ń ṣe é, ojú ń tì í, síbẹ̀ inú rẹ̀ dùn pé ọmọ náà ò lọ mọ́.

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Omijé ò tíì gbẹ lójú Ayàwòrán nígbà tí ọkùnrin kan tó ń ya fọ́tò wọlé, ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó ń kánjú. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń gbóná, ó sì fẹ́ gbà á lójú ẹsẹ̀. Ìyá Tútù tú u, ó nu irin rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú eléérú.

Ayàwòrán ti jókòó sídìí tiẹ̀, ó ń bá a tú ìdè bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó gbójú sókè.

"Mọ́mì, eléérú lẹ fi sí tiwọn?"

"Hẹn?"

"Funfun lẹ máa ń fi sí tèmi."

Kò fi nǹkan kan sínú. Ó kàn ń béèrè bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń béèrè ni. Ìyá Tútù ní, "Wọn ò yàtọ̀ síra. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe."

Ayafọ́tò rẹ́rìn-ín. "Háà! Funfun kẹ̀? Ẹ̀yìn iná tí mo fi ń ya fọ́tò ni mo ń fi ìyẹn sí. Ta ló ń fi sínú kọ̀ǹpútà? Ó fẹ́ sè é ni?"

Ó gba ẹ̀rọ rẹ̀, ó dúpẹ́, ó ń fẹnu súfèé lọ. Kò mọ ohun tó dá sílẹ̀.

Ayàwòrán dìde, ó mú túùbù funfun nínú dúrọ́ọ̀, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Mọ́mì, ṣé eléérú ò sí nígbà yẹn ni?"

Ọmọ náà ló ń bá a wá àwáwí. Ẹ wo ìfẹ́!

"Nígbà àkọ́kọ́, kò sí," Ìyá Tútù wí.

"Nígbà kejì ńkọ́?"

Ìyá Tútù ti dúrọ́ọ̀ pa.

"Èyí tí ẹ ṣe fún iṣẹ́ Jímọ̀ ńkọ́?"

"Ó wà."

Ayàwòrán jókòó. Ó ń wo túùbù náà. "Kí ni mo ṣe fún yín?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Bí kò bá bàjẹ́, o ò ní wá. Mo fẹ́ kó o máa wá ni."

Ó ní òun rò pé ọmọ náà máa pariwo, òun ti múra sílẹ̀ de ariwo. Kò pariwo. Ó fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ra, ó fi owú àti sìpíríìtì nu pésìtì tó ti sán kúrò. Ó nu ún títí irin fi dán. Ó mú eléérú, ó fi díẹ̀ sí àárín gbùngbùn, ó gbé irin lé e, ó sì ń de ìdè rẹ̀ ní igun sí igun bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ìyá Tútù na ọwọ́ láti bá a di waya mú. Ọmọ náà ní, "Ẹ fi sílẹ̀." Ó tàn án, fáànù ń fẹ́ jẹ́jẹ́. Kò gbóná.

Ó wọ bàtà rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Ẹ ṣé, mà."

Ìyá Tútù ní nínú gbogbo ìyà tí òun ti jẹ láyé, àti ikú ọkọ òun, òun ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń kí gbogbo èèyàn lè dun èèyàn tó bẹ́ẹ̀.

Ó gbìyànjú láti gbàgbé. Kò ṣeé ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni tó kàn án. Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó wọ aṣọ tó dára, ó lọ sílé ọmọ náà. Ilé ọ̀hún ò jìn, ó kàn jẹ́ ẹ̀yìn ilé ìfowópamọ́, òkè àjà kẹta. Bí wọ́n ṣe jọ ń ṣe tó, kò débẹ̀ rí.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Àwòrán ehoro kan ń sáré lójú kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ọmọ náà. Ẹ̀rọ náà ò pariwo rárá.

"Ṣé kò sí o, mà?"

"Kò sí. Mo wá bẹ̀ ọ́ ni. Mo sì ní kí n wò ẹ́."

"Mo ti dárí jì yín, mà. Ó ti pẹ́."

Ìyá Tútù rò pé ilẹ̀kùn máa ṣí sí i. Kò ṣí. Ayàwòrán fara ti férémù rẹ̀.

"Ẹ mọ èyí tó dùn mí jù? Kì í ṣe ti iṣẹ́ yẹn. Màá rí iṣẹ́ mìíràn. Èmi náà ò ní ẹnìkankan níbí, mo sọ fún yín. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń gbé ẹ̀rọ yẹn bọ̀, mo máa ń rò ó lọ́nà pé bóyá ẹ máa sọ lónìí pé, 'Máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kò dìgbà tó bá bàjẹ́.' Ojú ń ti èmi láti wá lọ́wọ́ òfo. Mo ń dúró kẹ́ ẹ sọ ọ́."

"Máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé," Ìyá Tútù wí. Ó sọ ọ́ kíákíá.

Ọmọ náà wò ó pẹ́. Ó mi orí pé rárá, ṣùgbọ́n kò le mọ́ ọn.

"Ẹ rọra sọ̀kalẹ̀ o, mà. Àtẹ̀gùn yẹn ò dáa."

Ó dúró títí màmá fi dé ìsàlẹ̀, kó tó ti ilẹ̀kùn. Ìyá Tútù gbọ́ ọ bó ṣe tì í, jẹ́jẹ́ ni.

Wọ́n máa ń sọ pé bí a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ni dákẹ́. Mo ní kí n fi òwe yẹn parí ìtàn yìí, kí n sì fi ẹnu ara mi gbà yín nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ohun tí mo kọ sétí Ìyá Tútù, ó ní òwe náà dára, kí n fi síbẹ̀, àmọ́ kí n bá òun fi ọ̀rọ̀ kan kún un.

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ wo, Màmá?"

Ó ń wo ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Sọ fún wọn pé ká ní mo pè é ni, ì bá wá."